Ọjọ́ mẹ́jọ lórí òkè adágún tí kò tíì kún: bí a ṣe gbé ẹ̀rọ agbọ́-ìmìtìtì kalẹ̀

Ọjọ́ kìíní

Ògiri dáàmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ga ju mítà 100 lọ, ṣùgbọ́n ihò abẹ́ àpáta ni odò ṣì ń gbà kọjá. Wọn kò tíì dí i. Ìdí tí a fi wá nísinsìnyí nìyẹn. Tí omi bá ti gun òkè kí ẹ̀rọ tó délẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́ bóyá ìmìtìtì tí à ń gbọ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí omi ló jí i. Ọdún kan ló kéré jù tó yẹ ká fi gbọ́ ilẹ̀ kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ọdún méjì sàn jù, torí ní agbègbè tí ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì, oṣù mélòó kan lè kọjá láìsí ẹyọ kan tó ṣeé kà.

Iṣẹ́ òní kò kan irin rárá. Máàpù la tẹ́ sórí tábìlì. Ìlà àkọ́kọ́ tí a fà sórí rẹ̀ ni ibi tí omi máa dé nígbà tí adágún bá kún tán, a sì fi mítà 10 kún un. Ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn kì í ṣe tiwa. Ó dà bí ohun tí ọmọdé mọ̀, àmọ́ ẹni tó bá dúró nínú àfonífojì gbígbẹ tètè máa ń gbàgbé rẹ̀. A wo ọ̀nà pẹ̀lú: ibùdó lè wà lórí òkè, kí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ wà lábẹ́ omi lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì di pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló máa gbé bátìrì débẹ̀. Ibì kan tó wù wá gan-an bọ́ nítorí èyí.

Ìmìtìtì tí adágún ń fà kì í sábà jìn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ju kìlómítà 10 lọ nísàlẹ̀, òmíràn kò tó 5. Kí a tó lè mọ bí ọ̀kan ṣe jìn sílẹ̀ tó, ibùdó tó sún mọ́ ọn jù kò gbọdọ̀ jìnnà sí òkè orí rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe jìn lọ. Nítorí náà la ṣe fi kìlómítà 5 sí 10 sáàárín ibùdó kan sí èkejì, tí a sì fi mẹ́fà yí ògiri àti ibi tí omi máa jìn jù ká. Mẹ́wàá tó wà lẹ́bàá kan ṣoṣo kò tó mẹ́fà tó yí i po: bí àlàfo tí kò ní ibùdó nínú bá ju ìwọ̀n 180 lọ nínú 360, kọ̀ǹpútà á kàn ti ìmìtìtì náà síbi tí kò sí.

Ibùdó keje jìnnà sí àwọn yòókù. A fi í sí apá òkè odò, níbi tí fault kan, ìyẹn ojú ibi tí àpáta ti là tó sì ti yẹ̀ lórí ara rẹ̀ láti ayébáyé, gba abẹ́ apá kan adágún kọjá. Ẹni tó bá ń wo ògiri nìkan kò ní rí irú ibẹ̀ yẹn. Ní Aswan ní Íjíbítì, ìmìtìtì ọjọ́ 14 November 1981 ṣẹlẹ̀ lórí fault Kalabsha, nǹkan bí kìlómítà 60 sí dáàmù ńlá náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ a pín sẹ́ńsọ̀ mẹ́sàn-án, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀, sí ibi mẹ́sàn-án, méje tí a fẹ́ àti méjì fún ìpààrọ̀ bí a bá rí ibi tí kò dára.

Ọjọ́ kejì

Ariwo la wá wọ̀n. Ariwo níhìn-ín kì í ṣe èyí tí etí ń gbọ́, ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ ni: ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, igi tí afẹ́fẹ́ ń mì, omi tó ń já. Wákàtí 24 gbáko ni sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan lò, lẹ́yìn náà a gbé ìwọ̀n ariwo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òkè tí onímọ̀ ìmìtìtì Peterson ṣe ní 1993, èyí tí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń lò. Ibi tó bá ti kọjá ìlà òkè láàárín 1 sí 20 Hz, ìyẹn mímì ìgbà 1 sí 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ká má fi sìmẹ́ńtì ṣòfò síbẹ̀.

Ariwo ọ̀sán kọ́ ló ń dáni lẹ́bi. Àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ, ọkọ̀ wọn náà á lọ. Èyí tó máa kù ni tọ́báìnì àti ẹnu ibi tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà já, wọn kò sì tíì dún títí di òní. A béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà pé ìgbà mélòó ni tọ́báìnì wọn máa yí ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní 150. Pín in sí 60, ó di 2.5 Hz. Ibẹ̀ ni òpó ariwo tín-ín-rín kan máa dúró sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú àwọn ìlọ́po rẹ̀ ní 5 àti 7.5. Omi àkúnwọ́sílẹ̀ burú jù ú lọ, torí kò ní ibi kan pàtó. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń bò mọ́lẹ̀. Kìlómítà méjì sí i ló kéré jù, bí òkè kan bá sì wà láàárín, ó dára.

Ibi méjì la fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́, igi ńlá kan wà ní mítà 8 sí i. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ń wa ilẹ̀ lọ wa ilẹ̀ bọ̀. Bí igi ṣe ga tó ló yẹ ká jìnnà sí i tó, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi kejì tan gbogbo wa jẹ. Àpáta funfun tó lẹ́wà, tó yọ sókè, a rò pé ìpìlẹ̀ ni. Òòlù ló tú àṣírí rẹ̀: ó dún bí igbá. Òkúta tó dá dúró lórí yẹ̀pẹ̀ ni, ó ti yí wá láti òkè nígbà kan rí. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń mì ní ìwọ̀n tirẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ bá sì kọ níbẹ̀, mímì òkúta yẹn ni.

Ọjọ́ kẹta

Gbígbẹ́ ihò àti dída pèpéle. Tí a bá ṣe eléyìí láṣìṣe, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe.

Ihò jìn tó mítà kan sí mítà kan ààbọ̀, títí a fi kan àpáta tó le. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú àpáta, a da omi sí i, a gbọn ekuru kúrò, torí sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ekuru. Agba ike tí a ti gé ìdí rẹ̀ la gbé sínú ihò kí yẹ̀pẹ̀ má baà wó wọlé. Nínú agba yẹn la da pèpéle sí, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ṣùgbọ́n a fi fóòmù tín-ín-rín sáàárín òun àti ara agba, kí agba má baà máa ti pèpéle nígbà tí oòrùn bá mú un tàbí tí ilẹ̀ bá rọ̀.

Sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì, láìsí òkúta wẹ́wẹ́ ńlá. Ọ̀pá irin kankan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀: irin máa ń yí kọ́ńpáàsì, ó sì máa ń yọ sẹ́ńsọ̀ gbígbòòrò, èyí tó ń gbọ́ mímì yíyára àti èyí tó lọ́ra, lẹ́nu. A fi igi gún un dáadáa kí afẹ́fẹ́ jáde, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí lábẹ́ ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ máa fọ́ tó bá yá. Lẹ́yìn náà a fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo ojú rẹ̀.

Kọnkéré tuntun máa ń dún. Bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, tó ń là wẹ́wẹ́, sẹ́ńsọ̀ á sì máa gbọ́ ọ bí ìmìtìtì kéékèèké tí kò dé ibùdó mìíràn. A ní láti fi í sílẹ̀ ní wákàtí 24 ó kéré tán kí a tó gbé ohunkóhun lé e. Ohun tó bá kọ láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́, a máa kà á sí èyí tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí a fi da gbogbo pèpéle lónìí kí a tó fọwọ́ kan iṣẹ́ iná.

Páìpù tó gbé wáyà jáde gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ìta, kì í ṣe sínú. Ibùdó kẹrin dagẹ̀rẹ̀ sínú, a sì tún un gbẹ́. Ẹnu páìpù, fóòmù la fi dí i lójú méjèèjì: eku fẹ́ràn ara wáyà, eèrà sì fẹ́ràn inú ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kẹrin

Iná. Digitizer, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbọ́ di nọ́ńbà, àti sẹ́ńsọ̀ jẹ wọ́ọ̀tì 2, módẹ́ẹ̀mù jẹ 2. Wọ́ọ̀tì 4 ní wákàtí 24 jẹ́ wọ́ọ̀tì-wákàtí 96. Pín in sí fólítì 12, ampere-wákàtí 8 lójúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún tí òfuurufú ṣú máa gba 40. Bátìrì kò sì gbọdọ̀ jẹ ju ìdajì ara rẹ̀ lọ kó tó gba oúnjẹ padà, nítorí náà 80. A ra 100.

Pánẹ́ẹ̀lì: tí oòrùn tó wúlò bá jẹ́ wákàtí 4 lóòjọ́, 24 wọ́ọ̀tì tó lórí ìwé. Lórí òkè, ekuru wà, ooru wà, àdánù wáyà wà, bátìrì sì gbọ́dọ̀ kún padà kí òjò tó tún ṣú. 80 wọ́ọ̀tì la gbé. Bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún bá ṣòfò, 224 ló kù lójúmọ́. Yọ 96 tí ẹ̀rọ ń jẹ, bátìrì tí ìyàn ọjọ́ márùn-ún ti mú máa kún padà ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin.

Charge controller, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì àti èyí tó ń jáde, ní ibi tó ti ń gé iná àti ibi tó ti ń dá a padà. Bí méjèèjì bá sún mọ́ra jù, wàhálà ni: iná gé, ẹrù kúrò lórí bátìrì, fólítì rẹ̀ ga díẹ̀, iná padà, ẹrù dé, fólítì wálẹ̀, iná gé. Báyìí ni digitizer á máa kú tí á máa jí lójú ìṣẹ́jú, títí káàdì ìpamọ́ rẹ̀ á fi bàjẹ́. A gé e ní 11.6, a dá a padà ní 12.6.

Òpó pánẹ́ẹ̀lì jìnnà sí ihò ní mítà 10, torí afẹ́fẹ́ ń mì í. Irin tí a gún mọ́lẹ̀ nítorí àrá, a wọn ìdènà iná rẹ̀ títí ó fi wá sílẹ̀ sí ohm 10. Ní ibùdó kejì, orí àpáta gbígbẹ, irin kan kò tó, mẹ́ta la so pọ̀. Fíúsì sí ẹnu bátìrì gan-an, kì í ṣe sí ìkángun wáyà.

Àtùpà la fi parí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́: a kó gbogbo sẹ́ńsọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ sórí ilẹ̀ kọnkéré kan ṣoṣo nínú ilé ìtọ́jú ẹrù, a ní kí wọ́n kọ nǹkan kan náà di òwúrọ̀. Ohun kan náà ló ń mì wọ́n, nítorí náà ìlà wọn gbọ́dọ̀ bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀kan yí orí sódì: níbi tí àwọn yòókù ti gòkè, òun sọ̀kalẹ̀. Wáyà méjì ni wọ́n gbé fún ara wọn nínú ẹnu rẹ̀. Bí èyí bá lọ báyìí dé orí òkè, gbogbo ìṣírò nípa ibi tí àpáta yẹ̀ sí máa dà rú, kò sì ní sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún

Inú ògiri la wà lónìí. Sẹ́ńsọ̀ orí òkè ń wá ìmìtìtì kéékèèké. Èyí tí a fi sínú dáàmù, accelerograph, ń dúró de ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bí ògiri fúnra rẹ̀ ṣe mì, kò sì gbọdọ̀ kún àkúnwọ́sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀. Èyí tó ń gbà títí dé ìlọ́po méjì g, ìyẹn agbára tí ayé fi ń fa nǹkan mọ́lẹ̀, la lò.

Ọ̀kan sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà ní ìpìlẹ̀, ọ̀kan sí àárín gíga, ọ̀kan sí orí ògiri níbi tó ga jù, ọ̀kan sí èjìká àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sórí ilẹ̀ gbalasa tí ògiri kò lè nípa lé lórí. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń fi owó rẹ̀ sílẹ̀, òun gan-an ló sì ń jẹ́ ká mọ ohun tí ilẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ògiri fi kún un. Bóòtù la fi dè é mọ́ kọnkéré, a fi gọ́ọ̀mù epoxy dí i. Wọ́n fẹ́ ká gbé ti orí ògiri lé irin ìdáàbòbò ọ̀nà, torí wáyà kúrú. A kọ̀: irin yẹn máa ń jó fúnra rẹ̀.

Orí ògiri ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Ní Koyna ní Íńdíà, ìmìtìtì tí agbára rẹ̀ tó 6.3 ní 10 December 1967 pa nǹkan bí ènìyàn 180, ògiri tó ga ní mítà 103 sì là ní apá òkè, níbi tí ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti yí padà lójijì. Ẹ̀rọ kan tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ògiri náà kọ ìmìtìtì yẹn sílẹ̀, àwọn ẹnjiníà ṣì ń lo àkọsílẹ̀ náà títí di òní. Ní Hsinfengkiang ní Ṣáínà, àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní 1959. Wọ́n gbọ́, wọ́n fi okun kún ògiri náà. Ní 19 March 1962 ni ti 6.1 dé. Ògiri là ní ìbú lókè, kò wó.

Ọjọ́ kẹfà

Sẹ́ńsọ̀ wọ ihò. Àríwá kọ́ńpáàsì kì í ṣe àríwá tòótọ́. A ṣírò ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn fún ibí yìí, a yọ ọ́, a sì ka kọ́ńpáàsì níta agba, mítà mélòó kan sí ọkọ̀ àti sí àpò irinṣẹ́. A fi okùn gbé ìlà náà wọlé, a fi kálámù tí kì í parẹ́ fà á sórí pèpéle. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yí títí ìfófòó afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì fi dúró sí àárín, a sì dè wọ́n pa.

Tú ìdè ọkàn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun wíwúwo inú rẹ̀ tó ń mì, kí o tó bò ó. Bí o bá gbàgbé, ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lo máa rí ní ọ́fíìsì, á sì ti di ìrìn àjò ọjọ́ kan padà sókè.

A fi wáyà yí sẹ́ńsọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan ní gbẹrẹ, a sì fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́ pèpéle. Wáyà tó na gan máa ń fa sẹ́ńsọ̀ nígbà tí òtútù òru bá dé. Àpótí fóòmù sẹ̀ǹtímítà 5 la dé e lórí, sachet silica gel méjì sínú, ọmọrí, yẹ̀pẹ̀ lórí ọmọrí.

Digitizer ń ka ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 100 tó fún ìmìtìtì tó jìnnà, àmọ́ kéékèèké tó wà nítòsí máa ń dún ní ohùn tínrín, 100 á gé orí rẹ̀.

Ọjọ́ keje

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún ògiri máa ń yin àdó olóró lọ́sàn-án, èyí sì jẹ́ ẹ̀bùn fún wa. A fi GPS wọn ojú ibi tí wọ́n máa yìn, a gba wákàtí rẹ̀, a sì ní kí kọ̀ǹpútà wá a láìsọ ibi tó wà fún un. Ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan ṣì í. Nígbà tí a wo ibùdó kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ṣe déédéé, ìkarùn-ún pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 0.3.

Aago ni. Èrìgbà GPS rẹ̀, èyí tó ń gba wákàtí láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láítì, wà lábẹ́ ògiri òkúta, díẹ̀ ló ń rí nínú òfuurufú, kò rí sátẹ́láítì tó láti ìgbà tí a ti tan án, aago tí a fi ọwọ́ sí nìkan ló ń lò. Ìgbì àkọ́kọ́ ń sáré nǹkan bí kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àṣìṣe 0.1 péré jẹ́ mítà 600. A gbé èrìgbà sórí òpó, mítà 15 síwájú.

Àwọn àdó yìí tún gbọ́dọ̀ ní ìwé tiwọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan lọ́jọ́ iwájú máa kà wọ́n mọ́ ìmìtìtì. Wọ́n máa ń dún ní wákàtí iṣẹ́, gbogbo ibùdó ni wọ́n ń tì sókè nígbà àkọ́kọ́, ìgbì kejì wọn kò lágbára, ìgbì ojú ilẹ̀ wọn sì tóbi.

Ọjọ́ kẹjọ

Ọ́fíìsì dáàmù. Kọ̀ǹpútà ń fi ìpíndọ́gba mímì ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 0.5 wé ti 30; bí ti kékeré bá di ìlọ́po 4 ti ńlá, ní ibùdó mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6, ó ké. A bẹ̀rẹ̀ láti 4 Hz sókè kí 2.5 Hz tọ́báìnì tó ń bọ̀ má baà máa pè é lásán. Ẹni tó bá fẹ́ fojú wo ìlà nìkan lè ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbì àkọ́kọ́ àti ìkejì, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 8: kìlómítà tó jìnnà sí ibùdó nìyẹn.

Ìwé omi, èyí tí wọ́n ń kọ gíga omi sí, ló gba àkókò wa jù. Ọ̀wọ̀n mítà 100 omi ń tẹ ilẹ̀ ní nǹkan bí megapascal 1, ìlọ́po 10 agbára tí afẹ́fẹ́ òfuurufú fi ń tẹ ilẹ̀. Ìwúwo yẹn ń dé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára omi tó ń wọ inú ojú àpáta, tó ń gbé fault kúrò lórí ara rẹ̀, ìgbín ni. Níbi tí àpáta ti ń jẹ́ kí ó kọjá ní mítà oníhà mẹ́rin 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa dé kìlómítà 5 ní nǹkan bí ọjọ́ 23. Bí ó bá jẹ́ 0.1, ọjọ́ 230. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní Kremasta ní Gíríìsì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní 1965, ìmìtìtì tó ju 6 lọ dé ní February 1966. Ní Aswan, ó gba láti 1964 dé 1981. Ní Oroville ní Amẹ́ríkà, adágún ti kún láti 1968. Ìgbà tí wọ́n fa omi wálẹ̀ gan-an, tí wọ́n sì tún jẹ́ kó gòkè, ni 5.7 dé ní 1 August 1975.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni ìwé náà ń béèrè: bí omi ṣe ń yára gòkè, ibi gíga jù tó ti dé rí, àti ọjọ́ mélòó tó fi dúró níbẹ̀. Wákàtí wákàtí ni kí wọ́n kà á, kì í ṣe òwúrọ̀ kan lójúmọ́. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìgbà tí omi bá bo ọ̀pá òṣùwọ̀n kan tí wọ́n sì kọjá sí èkejì: bí òdo ọ̀pá kejì kò bá bá ti àkọ́kọ́ mu, omi á dà bí ẹni fò sókè ní ọjọ́ kan. A fi ẹ̀rọ wíwọn ilẹ̀ so gbogbo ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ àmì gíga kan ṣoṣo, a sì kọ nọ́ńbà náà sára kọnkéré.

Èkejì ni wákàtí. Ẹ̀rọ ń kọ UTC, ìyẹn wákàtí àpapọ̀ àgbáyé, ẹni tó ń ka omi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kejì ti wà lára ògiri yàrá wọn báyìí, UTC ló ń sọ, a sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yí i. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni gíga odò lónìí, pẹ̀lú ihò abẹ́ àpáta tó ṣì ṣí sílẹ̀.